Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún Ni Ẹ̀rọ Wí

Ìbínú ló kọ́kọ́ wọ ilé aránṣọ náà. Ẹ̀rù wá tẹ̀ lé e wọlé, ó sì bá ìbínú jókòó sórí àga kan náà.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, onídìrí tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní ọjọ́ Ajé pé èémí òun kò délẹ̀. Ọkùnrin tó jókòó sídìí tábìlì níbẹ̀ kò tilẹ̀ dìde. Ó wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀rù ló ń bà yín, Mà. Ẹ lọ sinmi." Obìnrin náà lọ sinmi. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ó ti sinmi débi tí kò jí mọ́. Òtútù àyà ni wọ́n pè é, nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Aránṣọ lọ ká ọkùnrin náà mọ́bẹ̀. Ó pariwo títí àwọn aláìsàn fi dìde lórí bẹ́ǹṣì. Nọ́ọ̀sì kan ló rọra fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó sọ fún un pé ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n máa ń fi há èèyàn níka, tó máa ń sọ bí atẹ́gùn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Ó ní ká ní wọ́n fi há àbúrò rẹ̀ níka lọ́jọ́ Ajé ni, wọn ì bá tètè mọ̀.

"Ẹ̀rọ ọ̀hún dà?"

Nọ́ọ̀sì wolẹ̀. "Inú dúrọ́ọ̀ tábìlì ló wà, Mà."

Inú dúrọ́ọ̀! Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ sí aránṣọ nínú bí òkúta ṣe ń bọ́ sínú kànga, títí dòní kò tíì dé ìsàlẹ̀. Kò ì pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n sìnkú tó fi wá ẹ̀rọ náà kàn, tó sì ra tirẹ̀. Kò tóbi ju pẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń há aṣọ mọ́ okùn lọ. Èèyàn á ya ẹnu rẹ̀, á ki ìka bọ̀ ọ́, iná pupa á tàn nínú rẹ̀, nọ́ńbà á sì yọ lójú rẹ̀. Bó bá ti ń sún mọ́ ọgọ́rùn-ún, ara le. Bó bá já wá sí àádọ́rùn-ún, kí èèyàn gbéra. Bí ìwé inú páálí rẹ̀ ṣe wí nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni aránṣọ kàwé ọ̀hún mọ.

Ó so okùn mọ́ ọn, ó gbé e kọ́rùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ téèpù tó fi ń wọn oníbàárà. Bó bá jí, á wo ìka. Bó bá gun òkè dé, á wo ìka. Bí oníbàárà bá ń ro ẹjọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ fún un, orí aránṣọ á máa mì pé òun ń gbọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á ti wà lára iná pupa. Ìwé tó ń kọ ìwọ̀n àyà àti ìbàdí sí, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń kọ nọ́ńbà ilé rẹ̀ sí: tirẹ̀, ti ọkọ, ti ọmọ, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Oníbàárà tó bá fi àìmọ̀ wúkọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti kó sí wàhálà. "Ẹ mú ìka wá," ni yóò wí. Kò pẹ́ tí àdúgbò fi sọ ọ́ ní Ìyá Múkawá.

Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ ọkọ̀ ńlá tó máa ń lo ọjọ́ mẹ́wàá lójú ọ̀nà kó tó wá fi ọjọ́ mẹ́ta sinmi nílé, kì í lè pa ẹ̀rín mọ́ra. Ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù wà, àjà kẹrin sì ni wọ́n ń gbé. Bí ìyàwó rẹ̀ bá gòkè dé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó ń wá ẹ̀rọ, ọkọ á fi orúkọ ọmọ wọn pè é, á ní, "Ìyá Ìjì, ti atẹ́gùn kọ́ nìyẹn o. Àtẹ̀gùn ni. Kí onílé dín in kù fún wa."

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," ni aránṣọ á dáhùn. "Wọ́n rẹ́rìn-ín àbúrò mi náà."

Ẹ̀rín ọkọ á sì kú sójú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òtútù mú, ó ń rẹ aṣọ sínú omi kó tó gé e, kó má baà sún kì lẹ́yìn tí wọ́n bá rán an tán. Bó ṣe nu ọwọ́ rẹ̀ tó wọn ara rẹ̀, méjìdínláàdọ́rùn-ún ló rí. Ó tún un wọ̀n, kò yí padà. Ẹ wo eré! Bàtà ẹsẹ̀ òsì nìkan ló wọ̀ dé ilé ìwòsàn ńlá tó wà lójú títì. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ gba ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó fi ra ara wọn bí ẹni ń bó ẹ̀pà, ó tún ẹ̀rọ fi sí i. Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún.

"Ọwọ́ yín ló tutù, Mà. Ara yín le koko."

Àwọn tó jókòó níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tilẹ̀ bi í pé níbo ni bàtà kejì wà. Aránṣọ bínú títí dé ilé. Ó bínú sí nọ́ọ̀sì, ó bínú sí ẹni tó béèrè bàtà, ó bínú sí ọwọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó rí mú bọ̀ níbẹ̀ ló wá di ọ̀fìn sí i lẹ́sẹ̀: pé ọwọ́ lè parọ́, ẹnu lè parọ́, ẹ̀rọ nìkan ni kì í parọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Láti ìgbà tó ti mọ ìrìn ni bàbá rẹ̀ ti ń pè é ní Ìjì, torí pé kì í rìn, ṣe ló máa ń fẹ́ kọjá. Òun ló máa ń gba ipò kìíní nínú eré ìje níléèwé. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ bá fi dé àjà kejì, Ìjì á ti dé òkè, á ti ṣílẹ̀kùn, á ti bu omi mu.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí Àǹtí rẹ̀ kú, Ìjì bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi eré ìje sílẹ̀, ó ní ìwé kíkà ò jẹ́ kí òun ráyè. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó lórí àtẹ̀gùn, ní àjà kejì, bí arúgbó. Ṣọ́ọ̀kì tí ìyá rẹ̀ fi ń sàmì sára aṣọ wá ń tán lójoojúmọ́. Aránṣọ dọdẹ eku, dọdẹ aáyán, àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ká Ìjì mọ́ ẹ̀yìn maṣíìnì, tó ń rún un lẹ́nu kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́.

"Kí lò ń jẹ yẹn? Ṣé ebi ń pa ọ́ ni?"

"Mi ò mọ̀, Mọ́mì. Ó ṣáà ń wù mí."

Ó gbá a lọ́wọ́, ó gba ṣọ́ọ̀kì, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Ọjọ́ tí Ìjì kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iléèwé dé ni. Ó di ara ògiri ṣọ́ọ̀bù mú. "Mọ́mì, àyà mi ń lù kìkìkì. Èémí mi ò délẹ̀."

Èémí mi ò délẹ̀! Gbólóhùn tí àbúrò rẹ̀ gbé lọ síwájú tábìlì gẹ́lẹ́ nìyẹn. Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ aránṣọ. Ó fò dìde, ó já ẹ̀rọ lọ́rùn, ó fi há ìka ọmọ. Ó ń ka nǹkan lábẹ́ ahọ́n. Nọ́ńbà yọ. Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún.

Ìfọ̀kànbalẹ̀ tó bá a pọ̀ débi tó fi yí padà di ìbínú lójú ẹsẹ̀. "Ṣé o fẹ́ pa mí ni? Wò ó, kò sí nǹkan kan tó ṣe ọ́! Má tún fi ọ̀rọ̀ èémí bá mi ṣeré mọ́ láyé ẹ."

"Mi ò ṣeré, Mọ́mì."

"Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún! Ṣé o ò kàwé ni?"

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, Ìjì tún wá bá a. Lọ́tẹ̀ yìí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mọ́mì, nǹkan oṣù mi ń pọ̀ jù. Ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí, kò sì tíì fẹ́ dá. Bó ṣe rí lóṣù tó kọjá náà nìyẹn."

Aránṣọ kò gbójú sókè lára maṣíìnì. "Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Èmi náà ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí ẹ. Mú ìka wá." Ó wọ̀n ọ́n. Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. "Ṣó o rí i? Lọ jẹun."

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ fún un. Ìyá àgbà kan tó wá gba bùbá rẹ̀ rí Ìjì níbi tó ti ń ká aṣọ, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sójú ìmọ́lẹ̀. "Ìyá Ìjì, ọmọ yìí funfun o. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, bí ìwé."

Inú bí aránṣọ. Òun tó ń wọn ọmọ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ta ló tún fẹ́ kọ́ ọ ní ìtọ́jú? Ó ṣí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀. "Ẹ wò ó, Mà. Tàná, méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Tòní, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún pàápàá!"

"Èmi ò mọ nọ́ńbà," ni ìyá àgbà wí. "Ojú ni mo fi wò ó."

"Ẹ jẹ́ n bá yín di bùbá yín, Mà."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní ọ̀sán gangan ni ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Aránṣọ gba iṣẹ́ kọ́tìnì gbọ̀ngàn iléèwé kan, aṣọ tó nípọn, tó wúwo bí ẹni tó ń sùn. Kò sí àyè mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì fẹ́ kí wọ́n máa kó èyí tó ti parí lọ sókè. Bàbá Ìjì wà nílé lọ́jọ́ náà, ó ń fọ ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́bàá títì. Ìjì ti gbé ìdì kan gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀ wá, ó jókòó sórí àpótí, ètè rẹ̀ gbẹ.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ n sinmi díẹ̀. Ojú mi ń ṣú."

"O tún ti bẹ̀rẹ̀. Mú ìka wá."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìka sílẹ̀—"

"Mú ìka wá, mo ní!" Ó fà á, ó há a. Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Ó gbé e síwájú ojú ọmọ náà gan-an. "Kí ni mo rí níbí? Ìdánwò ló kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà ẹ́, kò sí nǹkan míì. Ẹ̀rù àti ìmẹ́lẹ́. Àǹtí ẹ tí èémí ń dà láàmú lóòótọ́, ó ti wà nínú ilẹ̀. Ìwọ wá ń fi ikú rẹ̀ sá fún iṣẹ́. Ojú ò tilẹ̀ tì ọ́!"

Ìjì wo ìyá rẹ̀ pẹ́ títí. Ó dìde, ó gbé ìdì kejì lé èjìká, ó sì gba ọ̀nà àtẹ̀gùn lọ.

Ìró tí aránṣọ gbọ́ kò dún bí ìró èèyàn. Ó rò pé ìdì aṣọ ló já bọ́, ó sì ti la ẹnu láti bú u kó tó gbọ́ tí alájọgbé wọn kan ké lórí àjà kẹta. Ìgbà tó sáré débẹ̀, Ìjì nà gbalaja lórí àtẹ̀gùn, kọ́tìnì bò ó dé àyà, ètè rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀kì tó ń jẹ.

Kí ni ẹ rò pé aránṣọ kọ́kọ́ ṣe? Ó kúnlẹ̀, ó fi ẹ̀rọ há ọmọ níka.

Orí ìyẹn ni Bàbá Ìjì ká a mọ́. Ó dúró lókè orí rẹ̀, ọṣẹ ọkọ̀ ṣì ń ho lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí lò ń wò?" ló bi í. "Mo ní kí lò ń wò? Ọmọ ló wà nílẹ̀ yẹn!" Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé apá méjèèjì, ó sì sọ̀ kalẹ̀, okùn ẹ̀rọ náà ń wọ́ tẹ̀ lé wọn.

Dókítà tí wọ́n bá nílé ìwòsàn ńlá jẹ́ obìnrin kúkurú kan tó ká apá aṣọ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Kó tó bi ẹnikẹ́ni léèrè, ó ti fi àtàǹpàkò fa abẹ́ ojú Ìjì wálẹ̀. Ibi tó yẹ kó pupa, funfun ni. Ó wo inú ẹnu, ó wo àtẹ́lẹwọ́, ó ké sí nọ́ọ̀sì kó wá gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò kíákíá. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ìyá.

"Láti ìgbà wo ló ti wà báyìí?"

"Kò wà báyìí rárá! Mò ń wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ni! Òní gan-an mo wọ̀n ọ́n. Ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín!"

"A ti wọ̀n ọ́n, Mà. Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún náà ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n!"

"Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ńkọ́?"

"Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ wo?"

Dókítà gbé ẹ̀rọ náà sójú rẹ̀. Lábẹ́ nọ́ńbà ńlá, nọ́ńbà mìíràn wà níbẹ̀ tó ń ṣẹ́jú. Méjìdínlógóje. Ojoojúmọ́ ni aránṣọ ti ń rí i. Ó ti gbà pé ọ̀rọ̀ bátìrì ni.

"Bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù nìyẹn láàárín ìṣẹ́jú kan," ni dókítà wí. "Ọmọ tó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ ni, ọkàn rẹ̀ sì ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹ wò ó, Mà. Ká ní ọkọ̀ mẹ́wàá ló yẹ kó máa kó èrò láti ibì kan dé ibì kan, kó wá ku mẹ́ta. Ẹ̀rọ yín ń yọjú wo inú ọkọ̀, ó ń sọ fún yín pé ọkọ̀ kún. Òótọ́ ló ń sọ, ọkọ̀ kún. Kò sọ fún yín pé mẹ́ta péré ló kù. Ẹ̀jẹ̀ ló ti tán lára ọmọ yìí. Ṣé nǹkan oṣù rẹ̀ ń pọ̀? Ṣé ó máa ń jẹ nǹkan tí kì í ṣe oúnjẹ?"

Aránṣọ la ẹnu. Ṣọ́ọ̀kì ló wá sí i lọ́kàn.

Bàbá Ìjì ló sọ̀rọ̀. Kì í pariwo, kò sì pariwo lọ́jọ́ náà, ìyẹn ló mú kó dunni jù. "Mo pè ọ́ lójú ọ̀nà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ní báwo ni ọmọ. O ní méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Mo tún bi ọ́ pé, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, kí ló dé? O ní méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Ìyá Ìjì, ṣé nọ́ńbà ni mo bí ni?"

"Ẹ má bá mi wí!" ni ìyàwó rẹ̀ figbe ta. "Ẹ ò sí nílé! Èmi ni mò ń wò ó! Èmi nìkan ni mò ń wò ó nínú gbogbo yín!" Ó kọjú sí dókítà. "Ẹ̀yin náà! Nígbà tí àbúrò mi wá, ẹ̀yin lẹ fi ẹ̀rọ sínú dúrọ́ọ̀! Mo ra tèmi, mo gbé e kọ́rùn bí ajá, ẹ tún wá ń sọ fún mi báyìí pé ẹ̀rọ ò rí nǹkan!" Bẹ́ẹ̀ ni, dókítà yìí kò mọ àbúrò rẹ̀ rí, ilé ìwòsàn yìí kọ́ sì ni. Aránṣọ mọ̀. Kò rí ẹlòmíì tó lè bú ni.

Dókítà kò bá a jà. "Ẹ jókòó, Mà," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká wá ẹ̀jẹ̀ fún un."

Àpò ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fà sí Ìjì lára kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Aránṣọ jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ètè ọmọ náà bó ṣe ń padà sí àwọ̀ èèyàn díẹ̀díẹ̀. Ó ní kóun fọwọ́ kan ọwọ́ ọmọ. Ìjì fa ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ aṣọ.

"Mi ò fẹ́ wọn nǹkan kan," ni ìyá wí. "Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó tutù ni."

"Mọ́mì, ẹ bi mí, màá sọ fún yín."

"Mo bínú sí ara mi, Ìjì."

"Èmi náà bínú sí yín." Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n kò gbọ̀n. "Mo sọ fún yín lẹ́ẹ̀mẹta. Mo sọ pé èémí mi ò délẹ̀. Mo sọ pé ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀. Mo sọ pé ojú mi ń ṣú. Ẹ̀rọ ò sọ nǹkan kan, ẹ sì gbọ́ tiẹ̀. Ẹ ní ẹ̀rù ló ń bà mí. Ohun tí ọkùnrin yẹn sọ fún Àǹtí náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ gan-an lẹ sọ."

Bí wọ́n bá gbá aránṣọ létí, kò ní dun ún tó bẹ́ẹ̀. Ó dìde bí ẹni tó fẹ́ jà. Ẹnu rẹ̀ ti kún fún èsì: pé ọ̀rọ̀ yàtọ̀, pé ọkùnrin yẹn kò tilẹ̀ dìde lórí àga, pé òun kò sùn, òun kò sinmi. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi iwájú orí ti ògiri. Oṣù mẹ́rin gbáko ló ti fi ń bínú sí dúrọ́ọ̀ kan. Àbúrò rẹ̀ ti sọ ohun tó ń ṣe é, kedere, lédè tí gbogbo wọn gbọ́. Kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣe ju ìyẹn lọ bí ẹni tó jókòó bá ti di etí. Ìbínú tó mú un níbẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí kò rí ibi tó máa gbé e lọ yàtọ̀ sí inú ara rẹ̀. Ó sunkún síbẹ̀ títí nọ́ọ̀sì fi gbé àga wá fún un.

Wọ́n rí ìdí tí nǹkan oṣù náà fi ń pọ̀, wọ́n fún un ní oògùn rẹ̀ àti oògùn ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ní kó máa bọ̀ fún àyẹ̀wò. Nílé, Bàbá Ìjì fẹ́ fọ́ ẹ̀rọ náà. Aránṣọ kò jẹ́ kó fọ́ ọ. Ó ní kì í ṣe ẹ̀rọ ló ṣẹ̀. Ó já okùn rẹ̀ sọ nù, ó gbé e sínú àpótí, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ n parọ́ fún yín, ó ṣì máa ń lọ yọ ọ́ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí àyà rẹ̀ bá já. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Ohun tó yí padà ni pé kò tún fi sí ẹnikẹ́ni níka mọ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ bi í pé, "Kí ló ń ṣe ẹ́?" kó sì dúró gbọ́ èsì. Kò rọrùn fún un rárá. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé ṣe ló ń gé ètè jẹ.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ó ti to gbogbo ohun tó máa sọ sẹ́nu láti ilé. Dókítà kúkurú yẹn náà ni wọ́n bá. Ó ní, "Báwo ni ara ẹ̀, Mà?"

Aránṣọ la ẹnu. Ó wo Ìjì. Ìjì ń wo ògiri.

"Ẹ bi í," ni aránṣọ wí. Ohùn rẹ̀ le bí ẹni tó ń bá èèyàn jà. "Òun ló ń gbé inú ara ẹ̀."

Ìjì yíjú, ó wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Ó wá bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun lè sáré dé kọ̀rọ̀ títì báyìí, ṣùgbọ́n òun kì í lè sáré padà. Ó ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ń yí òun nínú, òun sì ti da ti ọjọ́ mẹ́ta nù sínú kòtò láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó dà á nù! Ẹ̀jẹ̀ ru bo aránṣọ lójú. Ó di àpò ọwọ́ rẹ̀ mú lórí itan, ó fún un mọ́ra títí awọ rẹ̀ fi ń dún. Kò já lu ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀.

Ìjì ní òun ṣì ń bẹ̀rù àtẹ̀gùn. Ó ní inú ṣì ń bí òun sí Mọ́mì òun, bí Mọ́mì ṣe jókòó yìí náà.

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, ó pààrọ̀ oògùn, ó gbójú sókè. "Ṣé ó tán?"

"Ó kù," ni Ìjì wí, ó sún àga rẹ̀ síwájú, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.